Orúkọ Màmá Tó Wà ní Udine

Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó lè ṣàlàyé iṣẹ́ náà fún Àǹtí mi dáadáa. Ọ̀dọ̀ wọn ni mò ń gbé ní Barriera di Milano, ní ìlú Turin, nínú yàrá kan lókè ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta gààrí, èlùbọ́, epo pupa àti wíìgì. Àbúrò ìyá mi ni wọ́n, àwọn ni wọ́n sì mú mi wá sí Ítálì kí n lè parí ẹ̀kọ́ mi ní yunifásítì. Nǹkan bí ọdún 2015 ni. Lọ́jọ́ tí mo sọ fún wọn pé mo ti rí iṣẹ́ tí màá máa fi ọjọ́ díẹ̀ ṣe láàárín ọ̀sẹ̀, inú wọn dùn, wọ́n nawọ́ sí àpò ìrẹsì kan pé kí n jókòó lé e, kí n rò ó fún wọn.

"Kí ni wọ́n ní kí o máa ṣe?"

"Fíìmù ni màá máa wò, Àǹtí. Màá wò ó, màá sì kọ ohun tí mo bá rí sílẹ̀."

Wọ́n wò mí. Wọ́n wo oníbàárà kan tó ń tẹ iṣu wò lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n tún wò mí.

"Torí kí o lè máa wo fíìmù ni mo ṣe gbààwẹ̀ lórí físà rẹ?"

Oníbàárà náà gbé iṣu sílẹ̀. "Àbúrò, jọ̀ọ́, tí wọ́n bá tún ń wá ẹni tí yóò máa sùn fún wọn, má gbàgbé mi o."

Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, mo sì fi ẹ̀rín yẹn bo ìyókù ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Ohun tí mi ò tíì sọ ni irú fíìmù tó jẹ́. Professoressa kan, ìyẹn obìnrin tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní yunifásítì, ní ìlú Padua ló gbà mí síṣẹ́. Ìtàn tí wọ́n ń kọ dá lórí àwọn ènìyàn tí a bí ní ọkùnrin tí wọ́n ń gbé ayé wọn gẹ́gẹ́ bí obìnrin, àti àwọn tí a bí ní obìnrin tí wọ́n ń gbé ayé wọn gẹ́gẹ́ bí ọkùnrin. Trans ni àwọn ará Ítálì ń pè wọ́n. Professoressa fẹ́ mọ gbogbo fíìmù àtijọ́ tí irú wọn ti fara hàn, ohun tí wọ́n ní kí wọ́n ṣe níbẹ̀, bóyá wọ́n fi wọ́n ṣẹ̀sín tàbí wọ́n bọ̀wọ̀ fún wọn. Èyí tó jẹ professoressa lógún jù ni ẹni tó dúró níwájú kámẹ́rà gan-an. Ta ni? Níbo ló ti wá? Ṣé ó ṣì wà láàyè?

Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni mí. Ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ ni mo ti kàwé, mo ti mọ orin ìsìn lórí kí n tó mọ ìṣirò. Kí n tó gba iṣẹ́ yìí, mo gbàdúrà lé e lórí. Mi ò gbọ́ ohùn kankan, mi ò sì lálàá. Ọkàn mi kàn balẹ̀ ni. Ohun tí wọ́n fẹ́ kí n ṣe ni pé kí n wo ènìyàn dáadáa, kí n sì sọ òótọ́ nípa ohun tí mo rí. Mi ò rí ibi tí Ọlọ́run ti ní kí n má ṣe ìyẹn.

Professoressa ti lé díẹ̀ ní àádọ́ta ọdún nígbà náà. Wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́, kẹ̀kẹ́ ni wọ́n máa ń gùn lọ sí ibi iṣẹ́, ìwé á kún inú apẹ̀rẹ̀ iwájú rẹ̀ débi pé mo máa ń bẹ̀rù pé yóò dojú dé. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ bá wọn ní Padua, wọ́n mú mi jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, wọ́n pa ohùn rẹ̀, wọ́n fi ìran kúkúrú kan hàn mí, wọ́n ní kí n kọ ohun tí mo rí. Mo kọ ọ́ kíákíá: ọkùnrin kan wọ aṣọ obìnrin, ó ń pa àwọn ènìyàn lẹ́rìn-ín.

"Níbo lo ti rí ọkùnrin?" wọ́n bi mí.

Mo nàka sí i.

"Ṣé o rí i ni, àbí ẹnì kan ló sọ fún ẹ?"

Mo tún un wò. Ẹnì kan tó dé fìlà ni mo rí, ètè rẹ̀ pupa, ó ń bu kọfí sínú ife, ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n. Àwọn tó yí i ká ló ń rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín rárá.

"Ó dáa. Kọ ìyẹn," ni wọ́n wí.

Mo rántí tíṣà tó kọ́ wa ní Ilé-ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi nígbà tí mo wà ní kékeré. Bí a bá ń sọ ìtàn tí a sì fi iyọ̀ tiwa sí i, wọ́n á gbé ọwọ́ sókè: "Ṣé ó wà níbẹ̀?" A ó ní amòye mẹ́ta ló wá kí Jésù ọmọ-ọwọ́. "Mẹ́ta? Ṣé ó wà níbẹ̀?" A ó ṣí ìwé, a ó wá a títí, kò sí níbẹ̀. Mi ò rò pé màá tún gbọ́ ìbéèrè yẹn láyé mi, kí n wá gbọ́ ọ ní Padua, lẹ́nu obìnrin tí kì í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Láti ọjọ́ náà ni mo ti fẹ́ràn wọn.

Turin ni mo ti ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà, ní ilé kan tí wọ́n ń tọ́jú fíìmù àtijọ́ sí. Yàrá tóóró ni, ó ń rùn bí ọtí kíkan, torí bẹ́ẹ̀ ni fíìmù tó ti gbó ṣe máa ń rùn. Ìdí moviola ni mo máa ń jókòó sí, ìyẹn tábìlì tí wọ́n fi ń yí fíìmù, tó ní gíláàsì kékeré kan tí àwòrán ti ń yọ. Mo lè dá ènìyàn dúró lórí ìgbésẹ̀ kan, kí n tún fà á padà sẹ́yìn. Fíìmù kọ̀ọ̀kan ní ìwé pélébé tirẹ̀ tí wọ́n ń pè ní scheda, ibẹ̀ ni wọ́n ń kọ ohun tó wà nínú fíìmù àti orúkọ àwọn tó ṣe é sí.

Ibẹ̀ ni mo ti rí ẹlẹ́yin kan, nínú fíìmù apanilẹ́rìn-ín kan tí wọ́n ti yà láti nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn. Ọjà ni wọ́n wà. Ẹnì kan wọlé láti apá òsì, ó wọ ẹ̀wù òtútù aláwọ̀ ewé, ó fi apẹ̀rẹ̀ ẹyin kọ́ apá. Ó gbé apẹ̀rẹ̀ náà sílẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ti ru ẹyin rí lóòótọ́, ó kọjú sí ọ̀gá nínú fíìmù náà, ó sọ gbólóhùn kan. Ohùn tó jáde lẹ́nu rẹ̀ nípọn bí ohùn àwọn tó ń já ẹrù ní èbúté. Gbogbo ọjà bú sẹ́rìn-ín. Ó gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó lọ, kò sì tún padà wá títí fíìmù fi parí. Lórí scheda, ohun tí wọ́n kọ nípa rẹ̀ ni pé: ọkùnrin kan tó múra bí obìnrin, a kò mọ ẹni tó jẹ́.

Mo kọ ohun tí mo rí ránṣẹ́ sí Padua. Professoressa bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè káàkiri lọ́wọ́ àwọn tó ti ṣiṣẹ́ fíìmù rí àti lọ́wọ́ àwọn trans tó ti dàgbà. Oṣù ń gorí oṣù. Lọ́jọ́ kan wọ́n pè mí lórí fóònù, ayọ̀ kò jẹ́ kí wọ́n lè sọ̀rọ̀ tààrà. Ẹlẹ́yin náà wà láàyè. Udine ló ń gbé, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọgọ́rin ọdún, wọ́n sì ti bá a sọ̀rọ̀.

"Kí ni wọ́n wí?" mo béèrè.

"Ó ní ojú òun ń lọ, dókítà ti ní kò sí ohun tí àwọn lè ṣe sí i mọ́. Ó ní kí ó tó lọ tán, òun fẹ́ rí ara òun nínú fíìmù yẹn, òun sì fẹ́ kí wọ́n pa ohun tó wà lórí scheda yẹn rẹ́, kí wọ́n kọ orúkọ òun síbẹ̀. Ó ní òun ò fẹ́ kú ní ọkùnrin tí a kò mọ ẹni tó jẹ́."

Ilé tí wọ́n ń tọ́jú fíìmù sí ní òfin tirẹ̀. Wọn kì í tìtorí pé ẹnì kan sọ̀rọ̀ kí wọ́n yí scheda padà. Ẹni náà gbọ́dọ̀ fi ara rẹ̀ hàn nínú àwòrán, kí a sì gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ bó ti ń ṣe é. Ìdánwò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò jẹ́ kí professoressa ráyè lọ lọ́sẹ̀ náà.

"Ìwọ lọ," wọ́n wí. "O mọ bí wọ́n ṣe ń bá àgbà sọ̀rọ̀."

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe wọ ọkọ̀ ojú irin láti Turin, mo sọ̀ ní Mestre, mo wọ òmíràn dé Udine. Ata gígún wà nínú báàgì mi, torí Àǹtí mi kì í jẹ́ kí ènìyàn wọnú ilé onílé ní Ítálì láìmú ata dání. Àgbà tó ṣí ilẹ̀kùn fún mi ga, irun wọn funfun, wọ́n ti yí i, wọ́n kun ètè, sálúbàtà ilé ló wà lẹ́sẹ̀ wọn. Mi ò rò ó wò. Orúnkún mi ti kanlẹ̀ kí n tó rántí ibi tí mo wà.

"Kí lo ń wá nílẹ̀?" wọ́n bi mí. "Ṣé bọ́tìnnì rẹ já ni?"

"Rárá o, Màmá. Mò ń kí yín ni."

Wọ́n di ilẹ̀kùn mú. "Màmá ta ni?"

"Màmá wa ni, Màmá."

Wọ́n fi ilẹ̀kùn sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fà mí lápá. "Dìde, dìde! Àwọn ará ilé yìí ń yọjú. Wọ́n á ní èmi ni mo tì ẹ́ ṣubú."

Ìgbà tí a jókòó tán ni wọ́n sọ fún mi pé kò sẹ́ni tó kúnlẹ̀ fún àwọn rí. Wọ́n ní oríṣiríṣi nǹkan ni wọ́n ti fi pe àwọn ní ìgboro, ṣùgbọ́n mamma kò sí níbẹ̀. Mo tan ẹ̀rọ tó ń gba ohùn, mo ṣí kọ̀ǹpútà. Wọ́n fa àga wọn mọ́ ọn títí imú wọn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àwòrán. Bí ẹ̀wù aláwọ̀ ewé yẹn ṣe wọlé, wọ́n fi ìka kàn án.

"Èmi nìyẹn. Wo bí mo ṣe rẹwà tó!"

"Ẹ rẹwà, Màmá."

"Mo mọ̀. Ṣé ìwọ ni yóò sọ ọ́ fún mi ni?"

Ilé ìdáná òtẹ́ẹ̀lì kan ni Màmá ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, àwọn tó ń ya fíìmù sì dé sí òtẹ́ẹ̀lì náà. Ọ̀gá wọn rí Màmá níbi tí wọ́n ti ń gbé ẹyin wọlé láti ẹ̀yìnkùlé, ó ní kí wọ́n wá ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ nínú fíìmù. Ẹ̀wù ara wọn ni wọ́n wọ̀. Gbólóhùn tí ọ̀gá náà ní kí wọ́n sọ kò ju kan lọ, wọ́n sì fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ kọ́ ọ níwájú dígí: "Ẹyin mi kò tíì pé ọjọ́ kan, ọ̀gá. Ẹ̀yin lẹ ti gbó." Ohùn wọn ni wọ́n fi sọ ọ́, ohùn pẹ̀lẹ́ tí mo ń gbọ́ níwájú mi yẹn.

Ṣùgbọ́n láyé ìgbà yẹn, bí wọ́n bá ya fíìmù tán ní Ítálì, wọ́n á kó àwọn mìíràn wọ yàrá kan láti wá fi ohùn sí i. Ẹnu tí o rí lè jẹ́ ti ẹnì kan, kí ohùn tí o gbọ́ jẹ́ ti ẹlòmíràn. Kò sẹ́ni tó sọ fún Màmá. Wọ́n kó àwọn aládùúgbò wọn lọ síbi tí wọ́n ti ń fi fíìmù náà hàn, wọ́n múra, wọ́n wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ewé náà gan-an. Bí wọ́n ṣe yọ lójú àwòrán tí wọ́n la ẹnu, ohùn ọkùnrin kan ló jáde. Gbogbo gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín. Àwọn aládùúgbò yíjú wò wọ́n.

"Ẹ ò dìde kí ẹ máa lọ?" mo bi wọ́n.

"Kí n dìde lọ síbo? Mo jókòó títí ó fi parí. Wọ́n lè gba ohùn mi, wọn ò lè gba àga mi. Mo ti sanwó rẹ̀."

Wọ́n gbé oúnjẹ síwájú mi, frico ni wọ́n ń pè é nílẹ̀ wọn, wàràkàṣì àti ọ̀dùnkún tí wọ́n dín pọ̀. Mo yọ ata mi. Wọ́n ní kí n bu díẹ̀ sí tiwọn. Mo ní kí wọ́n ṣe sùúrù. Wọ́n ní àwọn kì í ṣe ọmọdé. Ohun tó tẹ̀ lé e ni ikọ́ àti omi, omijé dà lójú wọn, wọ́n ń fi ọwọ́ lu tábìlì.

"Yunifásítì ló rán ẹ sí mi ni, àbí àwọn ọ̀tá mi?"

Rósárì wà lára ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Wọ́n ní àwọn máa ń lọ sí ìsìn àárọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn pátápátá ni àwọn ń jókòó, lẹ́bàá òpó. Àlùfáà kan ló lé wọn kúrò níwájú nígbà ọ̀dọ́ wọn. Àlùfáà yẹn ti kú tipẹ́, àwọn tó wà níbẹ̀ báyìí sì ti bẹ̀ wọ́n títí pé kí wọ́n máa bọ̀ níwájú. "Mo ti mọ́ òpó mi lára," wọ́n wí. "Ọlọ́run ń gbọ́ràn dáadáa. Kò dìgbà tí mo bá jókòó sí etí rẹ̀." Kí n tó lọ, a jọ gbàdúrà nídìí tábìlì yẹn, wọ́n ń sọ tiwọn ní Italian, mo ń sọ tèmi ní Yorùbá. Ní gbogbo ọdún tí mo ti ń gbàdúrà pẹ̀lú àwọn ènìyàn, ìwọ̀nba ni èyí tí mo rántí bí mo ṣe rántí ti ọjọ́ yẹn. Pẹ̀lú gbogbo ohun tí ojú wọn ti rí, ọpẹ́ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ọpẹ́ náà ni wọ́n fi parí.

Mo padà sí Turin, mo tẹ gbogbo ọ̀rọ̀ wa jáde, mo fi ránṣẹ́. Professoressa kà á, wọ́n ní ó dára, wọ́n fi í ránṣẹ́ sí ilé fíìmù. Nígbà tó yá wọ́n pè mí.

"Wọ́n dá a padà. Wọ́n ní ta ni a fi ohùn rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn?"

"Màmá ni."

"Màmá wo? Mo ti tún un gbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìwọ ń pè é ní Mamma. Òun ń sọ pé èmi, èmi. Nínú gbogbo ojú ìwé tí o tẹ̀, Màmá Udine lo kọ. Kò sẹ́ni tó dárúkọ rẹ̀ níbì kankan. Wọn ò lè kọ Mamma sórí scheda."

Mo jókòó. Òótọ́ ni. Orúkọ náà wà nínú fóònù mi, mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ orúkọ ara mi, kò sì wá sí mi lọ́kàn rí láti pè é. Ta ló ń pe àgbà lórúkọ? Ìyá tó bí ìyá mi gan-an, orí pósítà ìsìnkú wọn ni mo ti kọ́kọ́ ka orúkọ wọn, mo sì ti tó ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Ọ̀wọ̀ ni mo bù fún Màmá, ọ̀wọ̀ náà ló sì tún sọ wọ́n di ẹni tí a kò mọ̀.

Mo rò pé professoressa á bínú. Wọ́n ní kí n ṣàlàyé fún àwọn bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílẹ̀ wa. Mo ṣàlàyé. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ó yẹ kí àwọn ti kọ́ irú ìwà bẹ́ẹ̀ láti kékeré. "Àṣìṣe tó dára ni," wọ́n wí. "Ṣùgbọ́n ilé fíìmù ń fẹ́ ojú àti orúkọ pa pọ̀ nínú gbígbà kan náà. Àfi kí a padà lọ, kíákíá. Ó ní ojú ọ̀hún ti burú sí i."

Nínú ṣọ́ọ̀bù ni Àǹtí ti bá mi pẹ̀lú ojú pípọ́n. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn lọ́jọ́ yẹn, fíìmù, ẹyin, orúkọ, ojú tó ń lọ.

"Irú ènìyàn wo ni obìnrin yìí gan-an?" wọ́n bi mí. "O kàn ń sọ̀rọ̀ yí i ká."

Mi ò tíì dáhùn tí ọmọ wọn tó ń ṣe iṣẹ́ àmúrelé lẹ́yìn káńtà ti fi Italian dá sí i bó ṣe máa ń ṣe: trans ni wọ́n, mamma, kí ló wá burú níbẹ̀?

"Ìwọ kọ́ ni mo bi. Gbájú mọ́ ìṣirò rẹ." Àǹtí bẹ̀rẹ̀ sí í to páálí tòmátò tó ti wà létòlétò tẹ́lẹ̀. "Ó ń gbàdúrà?"

"Wọ́n ń gbàdúrà jù mí lọ."

"Ó bímọ?"

"Rárá."

"Ta ló ń dáná fún un?"

"Àwọn fúnra wọn ni, Àǹtí. Wọ́n ń táràrà dáná."

Wọ́n wọnú lọ, wọ́n gbé ṣinṣín tí wọ́n dín fún ìpàdé àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì jáde, wọ́n bu púpọ̀ nínú rẹ̀ sínú ike. "Mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ sọ fún pásítọ̀ bí wọ́n bá bi mí. Ṣùgbọ́n àgbà tí ojú ń dùn, tó ń dá gbé, mo mọ ohun tí wọ́n ń ṣe fún irú wọn. Gbé èyí fún wọn. Sọ fún wọn pé kò lata."

Professoressa bá mi ní ibùdókọ̀ Padua, a jọ lọ. Nígbà tí Màmá ṣílẹ̀kùn, mo rí i pé ọwọ́ ni wọ́n fi ń wá ojú mi. Mo kúnlẹ̀ kí ọwọ́ wọn lè tó mi. "Ó tún ti wálẹ̀," ni wọ́n sọ fún professoressa. "Ọmọ yìí kò fẹ́ràn àga."

A gbé kọ̀ǹpútà síwájú wọn. Wọ́n sún mọ́ ọn, wọ́n yí orí sí ọ̀tún, wọ́n yí i sí òsì. Ìmọ́lẹ̀ nìkan ni wọ́n rí. Mo gbọ́ bí professoressa ṣe mí kanlẹ̀. Kò sí òfin kankan fún ẹni tí kò lè rí àwòrán tó yẹ kó fi ara rẹ̀ hàn nínú rẹ̀. Professoressa ní bóyá kí a kọ̀wé bẹ ilé fíìmù.

"Ta ni yóò dúró de èsì ìwé?" Màmá wí. "Ẹ pa ohùn fíìmù yẹn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi ọjà, ẹ kàn sọ fún mi pé ọjà ti yọ. Lẹ́yìn ìyẹn kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀."

Professoressa di ẹ̀rọ mú sún mọ́ ẹnu wọn. Mo ní, "Ọjà ti yọ, Màmá."

Màmá kọjú sí fèrèsé. "Ajá kan ń kọjá. Kò sẹ́ni tó ránṣẹ́ pè é, òun náà fẹ́ ṣe fíìmù." Ajá kan kọjá lójú àwòrán. "Mò ń bọ̀ láti òsì. Apá ọ̀tún ni mo fi gbé apẹ̀rẹ̀, torí ojú ibi tí wọ́n lẹ̀ wà lápá ọ̀tún ẹ̀wù mi, mi ò fẹ́ kí wọ́n rí i." Wọ́n ń bọ̀ láti òsì. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo ti wo ìran yìí, mi ò rí ojú lílẹ̀ náà rí. Mo wá rí i. "Mo dúró. Mo fi orúnkún bẹ̀rẹ̀, mi ò fi ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀, ẹyin kì í fẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀. Mo dìde. Píìnì irun mi ń já, mo fọwọ́ kàn án." Ọwọ́ lọ sí irun. "Mo wo ojú ọ̀gá. Ó ń rẹ́rìn-ín lábẹ́ irunmú rẹ̀."

Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé orí sókè, wọ́n sì fi ohùn ara wọn sọ gbólóhùn náà: "Ẹyin mi kò tíì pé ọjọ́ kan, ọ̀gá. Ẹ̀yin lẹ ti gbó." Ẹnu obìnrin tó wà lójú àwòrán ń mì pẹ̀lú rẹ̀, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan wọlé sí àyè rẹ̀, kò yá jù, kò pẹ́ jù. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ohùn àti ẹnu náà pàdé láti ogójì ọdún. Omi ń dà lójú professoressa, wọn ò nù ún, torí ọwọ́ wọn di ẹ̀rọ mú.

Ó ku orúkọ. Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ orúkọ yín sí i."

"Èmi kọ́. Ìwọ lo gbàgbé rẹ̀, ìwọ ni kí o pè é."

"Màmá, mi ò lè pè yín lórúkọ."

"Kí ló dé? Ṣé kò dára lórúkọ ni? Èmi ni mo yàn án o, mo pẹ́ kí n tó yàn án."

Mo wo professoressa. Wọn ò gbà mí sílẹ̀. Mo kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ ilé ìdáná náà, mo bẹ Ọlọ́run tó mọ gbogbo wa lórúkọ pé kó forí jì mí, mo sì pe orúkọ Màmá, orúkọ tí wọ́n yàn àti orúkọ ìdílé wọn, kí ẹ̀rọ lè gbọ́ ọ dáadáa.

"Presente!" wọ́n dáhùn, bí àwọn ọmọ ilé-ìwé ṣe máa ń dáhùn ní Ítálì bí tíṣà bá ń pe orúkọ láàárọ̀. Wọ́n ní kí n tún un pè. Mo tún un pè. Wọ́n tún dáhùn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n na ọwọ́ sí ike ṣinṣín Àǹtí mi, wọ́n jẹ ẹyọ kan, wọ́n jẹ òmíràn, wọ́n ní ó dára, ṣùgbọ́n níbo ni ata wà?

Ilé fíìmù gbà á. Wọ́n pa ọkùnrin tí a kò mọ̀ yẹn rẹ́ kúrò lórí scheda, wọ́n kọ orúkọ Màmá sí i, wọ́n sì kọ ẹlẹ́yin sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ orúkọ náà, ibẹ̀ ni kó ti lọ kà á. Èmi ò ní kọ ọ́ síbí. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà nígbà tí mo pè é, orí àga ni mo jókòó sí báyìí.

Lọ́jọ́ tí scheda tuntun jáde, mo pè wọ́n ní Udine láti inú ṣọ́ọ̀bù, mo sì kà á fún wọn, orúkọ náà àti gbogbo rẹ̀. Àǹtí mi dúró tì mí, wọ́n ń ṣe bí ẹni pé èlùbọ́ ni àwọn ń wọ̀n. Màmá ní kí n tún un kà. Mo tún un kà.

"Ṣé wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀," wọ́n wá béèrè, "pé èmi ni mo ni ẹ̀wù náà?"

Wọn ò kọ ọ́. Mo pe professoressa lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, wọ́n ti fi kún un.